Ẹ̀wù Sányán Tí Ẹni Méjì Ń Ká

Ẹni tó bá ní òun nìkan lè ká agbádá sányán, ẹ bi í bóyá ó ti rí sányán rí. Kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹni méjì ní í ká a. Ẹnì kan á di etí apá ọ̀tún mú, ẹnì kejì á di ti òsì mú, wọn á nà án kó dọ́gba, wọn á wá máa sún mọ́ ara wọn títí ọwọ́ wọn á fi kanra. Ẹni tó kéré ló ń rìn. Àgbà á dúró sójú kan, á gba aṣọ rẹ̀.

Láti ìgbà tí Hannah ìyàwó rẹ̀ ti kú ni Bàbá Adétúnjí ti ń dá a ká. Ilẹ̀kùn yàrá ló fi ṣe ẹnì kejì. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, á ti fèrèsé pa nítorí èéfín dúdú tó ń bà lé gbogbo nǹkan ní Port Harcourt, á gbé ẹ̀wù náà jáde nínú àpótí páànù, á tẹ́ ẹ sórí àga kí fáànù lè fẹ́ òórùn káńfọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí àkókò kíká bá tó, á fi etí apá òsì há ẹnu ilẹ̀kùn, á rọra tì í, á di apá ọ̀tún mú, á sì máa rìn lọ bá ilẹ̀kùn. Àgbà tó yẹ kí wọ́n máa rìn wá bá ló wá ń rìn lọ bá pákó. Ilẹ̀kùn kì í sì í rẹ́rìn-ín. Hannah máa ń rẹ́rìn-ín. Bí ọwọ́ wọn bá ti kanra, á fi ìka gbá a lọ́wọ́ kó tó fi etí tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àárò ìka yẹn ń sọ bàbá ju àárò ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó wá sí Port Harcourt, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ tún ẹ̀rọ àwọn tó ń wa epo ṣe ní Trans-Amadi, títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Ó kọ́ ilé sí Rumuolumeni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Tèmiolúwa, ti lọ sí Kánádà. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìhòòhò ni bàbá yìí wà nínú ilé oníyàrá mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀wù náà tán kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló ní kí wọ́n hun ún ní Ìsẹ́yìn. Àwọ̀ ẹ̀kọ ọkà bàbà ló ní, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nílé wọn, wọn kì í pín in mọ́ ẹrù òkú. Bí ẹni tó ni ín bá rí i pé oòrùn òun ti ń wọ̀, á wọ̀ ọ́, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ, á sì wọ̀ ọ́ fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin kí ooru ara rẹ̀ tó kúrò lára aṣọ. Bó bá kú kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀wù ti di tòkú, wọn á fi sin ín. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé bí èèyàn bá ti wọ̀ ọ́ láti fi fúnni, kò gbọdọ̀ dá a padà sínú àpótí. Ọrùn àrólé nìkan ló lè bọ́ ọ sí.

Lọ́dún 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, ni bàbá tó bí Adétúnjí ránṣẹ́ pè é wálé. Kò sí ìlù, kò sí àlejò. Bàbá arúgbó náà bọ́ ẹ̀wù ní pálọ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó ká apá ọ̀tún lé e léjìká, ó ká ti òsì, ó ní, “Ó ti kúrò lọ́rùn mi.” Ó wá béèrè bóyá iṣu ti jinná. Iṣu tuntun ọdún kejì kò bá a láyé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Adétúnjí ń rò lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún un pé àárẹ̀ ti ń mú ọkàn rẹ̀, pé kó má ṣe ohun tó nira mọ́. Òun nìkan ló gbọ́ ọ, òun nìkan ló sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ikú kọ́ ló bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé wọn á wá fi ẹ̀wù ìran mẹ́ta sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò yọjú.

Tèmiolúwa kì í sì í yọjú lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, inú fóònù ló ti wò ó, Ibiere aládùúgbò wọn ló gbé fóònù náà dání lẹ́bàá sàréè. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Bí bàbá bá ti béèrè Motọ́lání, ìyàwó rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á bàjẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kánádà mà kúkú ṣọmọlúàbí o, tó mọ ìgbà tó yẹ kó bàjẹ́.

Ìgbà tí bàbá ti fẹ́ gbà pé bó ṣe máa parí nìyẹn ni ìròyìn dé. Ilé iṣẹ́ Tèmiolúwa rán an wá ṣèpàdé ní Trans-Amadi. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Old GRA ló máa sùn sí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kó tó lọ wọ bàálù ìrọ̀lẹ́ padà sí Èkó, á yà sí Rumuolumeni lọ́sàn-án, á jẹun lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá ò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù fún un. Ó rò pé bí ọmọ bá ti jókòó, tó ti jẹun, ọ̀rọ̀ á rọrùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ó wẹ̀, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó fi ẹ̀wù sányán lé e. Fúnra rẹ̀ ló ká apá rẹ̀ lé èjìká níwájú dígí. Apá òsì ń yọ̀ wálẹ̀, ó ń dá a padà. Kò síná. Ooru Port Harcourt lẹ́yìn òjò mọ́ èèyàn lára ju aṣọ lọ, ẹ wá fi sányán lé e. Ó jókòó sí àga tó dojú kọ géètì. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti dín eré kù lójú títì ló ń mú un dìde. Ẹja tí Ibiere bá a sè tutù lórí tábìlì, ọ̀rá rẹ̀ sì dì.

Nígbà tí fóònù dún, kò tíì gbé e sétí tó ti mọ̀.

“Dádì, abeg, ẹ má bínú. Meeting yìí ò tíì parí. Airport straight ni mo máa gbà láti ibí. Mo máa wá ní December, I promise.”

Bàbá ní ó dáa. Ó ní kó rọra máa lọ. Ó ní kó kí Motọ́lání. Kò sọ pé òun wọ nǹkan kan sọ́rùn, kò sọ pé dókítà sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin ìran yìí, “ó dáa” ni yóò pa wọ́n. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé aṣọ kọ́ sí lára. Omi ojú ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, nítorí apá ẹ̀wù ló sún mọ́ ọn jù, kò sì fẹ́ kó kan sányán.

Bẹ́ẹ̀ ni Ibiere ṣe bá a. Ọmọ Kalabari ni, opó ni, olùkọ́ ni ní yunifásítì tó wà ládùúgbò wọn. Ìkòkò rẹ̀ ló wá gbé. Ó wo ẹja tí wọn ò fọwọ́ kàn, ó wo ojú bàbá, kò béèrè ibi tí Tèmi wà. Ó kàn ní kí bàbá bọ́ aṣọ náà kí ooru má baà dá a dùbúlẹ̀.

Bàbá ṣàlàyé fún un, díẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀ ní Pidgin, pé òun ò lè bọ́ ọ. Nígbà kan rí, Ibiere ti rí i láti ojú fèrèsé níbi tó ti ń bá ilẹ̀kùn ká ẹ̀wù, ó ní kí òun wá bá a di etí kan mú, bàbá ní òun ti ká a tán. Irọ́ ni. Lọ́jọ́ òní kò lágbára láti parọ́. Ibiere fetí sí i dópin, kò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn Kalabari náà mọ ohun tí àpótí aṣọ bàbá ẹni jẹ́.

Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní, “Papa Temi, if the cloth no fit go back inside box, e mean say na road e go follow. Airport no far.”

“Na him say make I no wait again,” ni bàbá wí.

“He no say make you no come.”

Bàbá wò ó. Láti ìgbà tí Hannah ti kú, kò sẹ́ni tó tíì bá a sọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ tó ń ti èèyàn dìde. Àwọn èèyàn máa ń bá a kẹ́dùn ni. Ó dìde, ó ní kí Ibiere bá òun pe Dáúdà.

Dáúdà ọmọ Ọ̀fà ló ń wa takisí ní ìkóríta wọn. Ó fẹ́ yọ̀ mọ́ bàbá nígbà tó kọ́kọ́ rí i, ó ní ta ni wọ́n fi joyè, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ̀wù náà fẹ̀ débi pé òun nìkan ló gba gbogbo àga ẹ̀yìn. Iwofe Road kún. Ní Rumuokoro, ọkọ̀ dúró pátápátá, àwọn tó ń ta gálà àti omi ń kọjá lára wọn, wọ́n ń pe bàbá ní Chief, wọ́n ń pè é ní Igwe. Àyà bàbá ń fún un. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ẹ̀wù, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ pé kó ṣe sùúrù, kó jẹ́ kí àwọn dé ibẹ̀ ná. Dáúdà ń wò ó nínú dígí. Nígbà tó yá, ó yí ọkọ̀ gba ẹ̀yìn ilé ìtajà kan, ó gba ojú ọ̀nà tí kò yẹ kí ọkọ̀ gbà.

Ní ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, sójà kan kan sáárá sí i, ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò sì yà fún un. Aṣọ là ń kí kí á tó kí ènìyàn. Ká ní bùbá nìkan ló wọ̀ wá ni, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti dá a padà.

Ó rí ọmọ rẹ̀ kí ọmọ tó rí i. Tèmiolúwa tò sórí ìlà, ó wọ kóòtù, ó tẹ orí ba fóònù. Ó ti hewú. Bàbá ò mọ̀ pé ọmọ òun ti hewú, nítorí nínú fóònù, iwájú orí nìkan ló máa ń fi hàn án. Ó dúró díẹ̀, ó ń wo ewú yẹn. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ìbínú tó gbé bọ̀ láti ilé sì tú.

Tèmiolúwa gbójú sókè. “Dádì?” Ó wo ẹ̀wù náà láti ọrùn dé ilẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ó sì mọ òfin rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. “Dádì, everybody dey look us.”

“Jẹ́ kí wọ́n wò. Gbé báàgì ẹ sílẹ̀.”

Bàbá ń gbé ẹ̀wù náà gba orí jáde. Dáúdà tó tẹ̀lé e wọlé na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́, bàbá mirí sí i, Dáúdà sì fà á padà. Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo orí bàbá wà nínú aṣọ, ó ṣókùnkùn níbẹ̀, ó ń gbóòórùn káńfọ̀ àti òógùn ara rẹ̀. Ìpayà mú un pé inú ibẹ̀ ni òun máa kú sí. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ dé, ó sì bọ́ ẹ̀wù náà sí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn, lórí kóòtù, kí ooru rẹ̀ tó lọ.

Èjìká Tèmiolúwa tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ká apá ọ̀tún, ó ká ti òsì. Ó wù ú kó pẹ́ díẹ̀, ó tú apá òsì náà, ó sì tún un ká.

“Ó ti kúrò lọ́rùn mi,” ló wí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ iṣu bí bàbá tirẹ̀, kò rí i sọ. Ó ní, “Motọ́lání ńkọ́?”

“Ó wà, sà.” Ilẹ̀ ni Tèmiolúwa ń wò. Ó wólẹ̀ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, nínú sányán, lórí ilẹ̀ tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ bàtà ń gbà kọjá. Nígbà tó dìde, ìlà ti ṣí síwájú, wọ́n sì ń pè é. Bó bá ti gbé báàgì, apá ẹ̀wù á yọ̀ wálẹ̀, á dá a padà, á tún gbé e. Kò bọ́ ọ. Títí tó fi wọnú lọ, kò bọ́ ọ.

Bàbá dúró nínú bùbá tó ti rin fún òógùn, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ sí i lára. Ó ti rò pé ayọ̀ ni yóò dé bá òun. Òtútù ló dé. Dáúdà bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bò ó léjìká, wọ́n sì jáde.

Nígbà tí wọ́n délé, iná ti dé. Ibiere dúró sí géètì rẹ̀. Bàbá sọ fún un pé òun ti ṣe é, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹja díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí ìdí àpótí páànù. Ó ṣí i. Bébà ìwé ìròyìn àtijọ́ àti káńfọ̀ nìkan ló kù síbẹ̀. Kò sí nǹkan kan tí òun àti ilẹ̀kùn máa ká mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ilé sì dákẹ́ jù.

Fóònù dún.

“Dádì, mo ti dé hotel l'Ékòó.” Tèmiolúwa ni. “Báwo ni wọ́n ṣe ń ká nǹkan yìí? Mo ti try tire. Kò gbà.”

Inú bàbá dùn sí ìbéèrè náà bí ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ. Ó ní ẹni méjì ní í ká a, ṣé kò rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é ni. Ó ní kó kàn gbé e sórí àga di àárọ̀, kó rọra kì í sínú báàgì, bó bá dé Kánádà kí Motọ́lání di etí kejì mú.

Bàbá dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé kó bàjẹ́, kò bàjẹ́. Ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí.

“Motọ́lání ti lọ, Dádì. She don go since last year. Kò sí anybody nílé. Ẹ̀yin lẹ máa bi mí, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. That's why I no come today. Meeting yẹn ti parí láti àárọ̀.”

Bàbá pa ojú dé. Ó rí yàrá òtẹ́ẹ̀lì náà, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ti hewú nínú rẹ̀, tó gbé sányán lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó wà ní yàrá yẹn. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Kò bá a wí. Kò sọ pé Ọlọ́run á ṣe é. Ó dìde, ó gbé fóònù mọ́ etí, ó rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan ibi tí pákó rẹ̀ ti dán nítorí ẹ̀wù.

“Ilẹ̀kùn wà nínú yàrá tí o wà?”

“Ó wà.”

“Ṣí i díẹ̀. Fi etí apá òsì há a lẹ́nu, kí o rọra tì í. Má jẹ́ kó fún un pa.”

Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún l'Ékòó.

“Mo ti ṣe é, Dádì.”

“Jẹ́ kí iṣẹ́ ọnà wà nínú. Di apá ọ̀tún mú. Nà án.” Bàbá fúnra rẹ̀ ti kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó na ọwọ́ kan síwájú, àtẹ́lẹwọ́ ṣófo, bí àgbà ṣe ń dúró gba aṣọ rẹ̀. “Ó yá. Máa rìn bọ̀. Rọra.”